Àwọn Tó Ń Fi Ìka Kíni ní Mayo

Nígbà tí orúnkún mi ṣì le, tí mi ò tíì máa ké sí yín kẹ́ ẹ wá fà mí dìde… Àdúgbò Alief níbí náà là ń gbé, wọn ò tíì bí ìkankan nínú yín. Bàbá yín àgbà ní ká lọ sí Ireland. Mo ní kí la fẹ́ ṣe níbẹ̀? Wọ́n ní tíṣà àwọn làwọn fẹ́ lọ rí. Ẹ gbọ́, òyìnbó kan ló kọ́ wọn ní sẹ́kọ́ńdìrì nílé lọ́hùn-ún. Nígbà tí ilé ìwé fẹ́ lé wọn torí pé wọ́n ń yọ́ lọ kí Jímọ̀, tíṣà yìí ló ní bí wọ́n bá lé ọmọ yìí, kí wọ́n lé òun náà. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí Mayo, ìgbèríko wọn lọ́hùn-ún. Lẹ́tà rẹ̀ ò wá mọ́. Bàbá yín àgbà ní, "Mi ò tíì dúpẹ́ lójúkojú rí. Kó má lọ kú kí n tó débẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́rin péré la ní. A háyà mọ́tò. Ẹ̀yin ọmọ, ibẹ̀ rẹwà… Òkè, adágún omi, àgùntàn láàárín títì, òjò wínníwínní tí kì í dá. Ilẹ̀ dúdú kan wà tí wọ́n ń gé bíi búrẹ́dì, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n fi ń dáná. Ìlú míì, òpópó kan ṣoṣo ni. Ilé ò ní nọ́ńbà. Ilé tí tíṣà ti ń kọ lẹ́tà tẹ́lẹ̀, ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Níbo lèèyàn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a?

Àwọn ará ibẹ̀, tẹ́ ẹ bá pàdé lọ́nà, wọ́n á gbé ìka kan sókè lórí sítíárì. Ìkíni nìyẹn, ó parí. Bàbá yín àgbà á páàkì. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á béèrè ilé, béèrè ọmọ, béèrè àgùntàn. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n á tó béèrè tíṣà. Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá Semiu, ṣé gbogbo ayé la wá kí ni?"

Wọ́n ní, "Àgbàlagbà kí mi, kí n wá fi mọ́tò kọjá lójú ẹ̀? Ṣé wọn ò kọ́ mi nílé ni?"

Ọjọ́ kẹta pé, a ò rí i. Bàbá yín àgbà ò jẹun. Èmi ń kanra, àánú wọn ló sì ń ṣe mí, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ìyá arúgbó kan na ọwọ́ sí wa lójú ọ̀nà. Ìyá tí wọ́n béèrè àgùntàn rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni! Ó ní òun ti ń bá wa wádìí látìgbà yẹn. Tíṣà wà lọ́dọ̀ ọmọ àbúrò tíṣà fúnra ẹ̀, lẹ́yìn òkè. Ìyá yìí wọ mọ́tò wa, ó mú wa dé ẹnu ọ̀nà.

Tíṣà wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ní àìsàn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu ẹ̀, pé kò dájú pé á dá wa mọ̀. Bàbá yín àgbà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tàwọn ti kóòtù òjò lọ́rùn. Wọ́n ní, "Rasaki ni, sà. Mo wá dúpẹ́." A ń wò ó… Tíṣà gbé ìka kan sókè lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Bàbá yín àgbà sunkún bí ọmọdé. Èmi náà sunkún.

Wọ́n ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Tẹ́ ẹ bá ń gbé mi gba freeway lọ sí Stafford, tí mo bá gbé ìka sí ẹni tó wà ní mọ́tò ẹ̀gbẹ́ wa, Sherifa á ní, "Grandma, ẹ stop, wọn ò mọ̀ yín." Hmm. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ mí tí mi ò bá kí wọn? Ẹ máa kí èèyàn, ẹ̀yin ọmọ yìí. Tó bá sì dọjọ́ kan tí mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ má wo ẹnu mi. Ìka mi ni kẹ́ ẹ máa wò.