Ìwé Ìgbélùú Tó Bàjẹ́ Nínú Àpò Ṣòkòtò Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé ní ọdún méje tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, n kò sọ ọ́ fún ẹnì kan. Mo ń kọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ti padà wá, ohun tó sì ṣe ju òye mi lọ.

Akọ̀wé ni mí ní oko adìyẹ kan láàárín Fìdítì àti Ìlọrà. Alájà tó ni oko náà kò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò gba irọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó máa ń fi mí yangàn fún àlejò pé, "Ohun tí akọ̀wé mi bá ti kọ sílẹ̀, ó rí i ni." Nígbà yẹn, òótọ́ ni.

Tẹ́lẹ̀, fọ́ọ̀mù òṣìṣẹ́ kò le. Orúkọ àti ìlú ẹni, ó parí. Lọ́dún tí ìyàwó mi bí ìbejì ni ìjọba gbé tuntun jáde. Wọ́n ní kí agbanisíṣẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ìwé ìgbélùú òṣìṣẹ́ tó bá ti òkè òkun tàbí orílẹ̀-èdè mìíràn wá, kí ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i. Alájà fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kàn ní oko wa: Bùrọ̀dá Àlàbí, ará Kétu lápá Kútọnu, tó ń tọ́jú àwọn òròmọdìyẹ. Yorùbá bíi tiwa ni, ìlú wọn ló kàn bọ́ sí òdìkejì ibodè. Ó jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé rẹ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, Akọ̀wé." Mọ́tò Fìdítì ti ń fọn fèrè. Mo ki ìwé náà bọ àpò ṣòkòtò, mo ní n óò kọ nọ́ńbà rẹ̀ nílé.

Mo gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ bí ilé tí ọmọ tuntun méjì ti ń ké ṣe máa ń rí. Ìyàwó mi fọ ṣòkòtò náà ní Sátidé. Ìwé di jákujàku, fọ́tò pa rẹ́, igun kan péré tí òǹtẹ̀ wà ló ṣẹ́kù. Mo ní kí ìyàwó mi fọkàn balẹ̀, pé n óò ṣàlàyé fún Alájà.

N kò ṣàlàyé. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á lé mi, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di bàbá ìbejì. Ní ọjọ́ Ajé, mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé, "Kò mú ìwé kankan wá."

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé ní Ọjọ́rú, wọ́n ka ohun tí mo kọ. Wọ́n bi Bùrọ̀dá Àlàbí níwájú gbogbo wa pé ìwé rẹ̀ dà. Ó wò mí. Ó ní, "N kò ní i." Wọ́n gbé e sínú mọ́tò, ó di ibodè. Ó ń juwọ́ sí wa bí wọ́n ṣe ń lọ.

Látìgbà náà ni mo ti ń tan ara mi. Mo ní bóyá ó rò pé mo ti dá ìwé náà padà, pé òun ló sọ ọ́ nù.

Lóṣù yìí, fọ́ọ̀mù tuntun mìíràn tún dé. Ó ń béèrè bóyá wọ́n ti lé òṣìṣẹ́ kan rí nítorí àìníwèé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a ò gbọdọ̀ gbà á. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bùrọ̀dá Àlàbí yọ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi, orí rẹ̀ ti funfun. Ó ti gba ìwé tuntun. Ó ní iṣẹ́ òròmọdìyẹ nìkan lòun mọ̀, òun sì ní àwọn ọmọ tí òun ń bọ́.

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó bú sẹ́kún. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì tí òun fọ ṣòkòtò náà, òun pọn ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, òun mú igun ìwé tó ṣẹ́kù lọ bá Bùrọ̀dá Àlàbí nílé rẹ̀ ní Ìlọrà, òun kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó gba igun ìwé náà, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ má sunkún mọ́. Ẹ má jẹ́ kí Akọ̀wé mọ̀ pé ẹ wá, ojú á tì í." Ìyàwó mi rò pé mo ti jẹ́wọ́ fún Alájà, pé òfin ló kàn le jù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, igun ìwé tó ní òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí lọ́jọ́ tí wọ́n bi í léèrè. Ká ní ó yọ ọ́ jáde ni, iṣẹ́ mi ti lọ. Ó mọ̀, ó wò mí, ó sì dákẹ́. Ẹnu yà mí títí ẹ̀rù fi bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. N kò mọ̀ pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ wà láyé, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé a jọ máa ń jẹun ọ̀sán nínú abọ́ kan náà.

Èyí tó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kó tó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó yọ ìwé tuntun náà. Mo rò pé yóò kàn fi hàn mí ni, kó sì mú un padà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi bíi tìjọ́sí. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, Akọ̀wé."

Ó wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. N kò jẹ́ fi í sí àpò. Bí mo bá kọ ọ́ pé wọ́n ti lé e rí, mo tún lé e lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Bí mo bá sì sọ òtítọ́ fún Alájà, èmi ni yóò lọ, àwọn ìbejì sì ti wà nílé ìwé.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ẹsẹ̀ mi ni kò gbé. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí n óò kọ́kọ́ sọ fún Alájà. Ẹ sì sọ fún mi, ojú wo ni n óò fi wo Bùrọ̀dá Àlàbí nígbà tó bá wá gba ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀?