Búlọ́ọ̀kù Mẹ́rin Abẹ́ Ibùsùn

Ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó fa orí wa yọ nínú omi! Ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀yin ará, nítorí ohùn tèmi kò lọ sókè mọ́.

Lánàá, mo lọ ná búlọ́ọ̀kù ní Agoè. Iye tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á pè fún ẹyọ kan, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ó tó ra ogún, owó búrẹ́dì yóò sì tún ṣẹ́ kù. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù mẹ́rin péré ṣe?" Mo ka owó fún un. Ìdáhùn náà ni mo gbé wá síwájú yín lónìí.

Ìgbà tí ìlú yìí dàrú ni, tí àwọn èèyàn ń bèèrè ìjọba tí wọn yóò fọwọ́ ara wọn dìbò yàn, tí ṣọ́jà sì ń yìnbọn ní ìgboro. Yàrá kan ni èmi àti Fẹ́hìntọlá ìyàwó mi ń gbé ní Bè-Kpota, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ òfin òjò àrọ̀kúrò: kí ó tó bẹ̀rẹ̀, gbé ibùsùn rẹ lé búlọ́ọ̀kù. Lọ́dún yẹn, ẹsẹ̀ Fẹ́hìntọlá kán. Wọ́n fi igi àti báńdéèjì dì í dé itan. Kò lè dá dìde.

Ọta ìbọn wá gba fèrèsé aládùúgbò wa kan wọlé. Kòkú tó ń jó irin ní ìta wa sọ fún mi pé, "Purofẹsọ̀, ẹ di fèrèsé yín pa, kí ẹ sì máa sùn sílẹ̀. Ọta kì í wá ilẹ̀." Purofẹsọ̀ ni wọ́n ń pè mí nítorí ìwé tí mo kà. Ọjà ti tì, kò sí búlọ́ọ̀kù láti rà. Mo yọ mẹ́rin tó wà lábẹ́ ibùsùn, Kòkú sì bá mi fi simẹ́ǹtì mọ wọ́n sójú fèrèsé.

Dada Afi, ìyá arúgbó tó ń ta gaàrí ní yàrá kejì, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá.

"Purofẹsọ̀, òjò ò tíì lọ o. Ibo lẹ fẹ́ kí ìyàwó yín gùn?"

"Dada, òjò kì í yìnbọn."

"Ìbọn náà kì í ṣàn wọ yàrá. Àbí yunifásítì yín ò kọ́ yín ní ti omi?"

Èmi àti Kòkú rẹ́rìn-ín. Fẹ́hìntọlá kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìró kan dún gbàmù. Gbogbo ìta sá wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn irin, mo sùn sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi lórí ẹní. Ìró kejì dún. Mo ní, "Wọ́n ti dé." Wọn kò dé. Àrá ni. Ìgbà tí omi kàn wá láyà lórí ẹní la tó mọ̀.

Ìta ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí. Omi ti tì í pa. Mo fi èjìká gbá a títí. Mo gbé Fẹ́hìntọlá mọ́ra. Omi dé ìbàdí mi, ó dé àyà.

Ó ní, "Ọkọ mi, fi mí sílẹ̀, gun orí tábìlì."

Mo ní, "Tábìlì ti léfòó."

Mo kígbe. Àwọn ará ìta gbọ́, wọ́n rò pé ṣọ́jà ló ń lù wá. Ta ni yóò jáde?

Dada Afi jáde, tòun ti ọmọ odó. Mo ń gbọ́ ọ tó ń gún fèrèsé bí ẹni gúnyán, tó ń pè, "Kòkú, ojo, jáde wá! Omi ò gbé ìbọn lọ́wọ́!" Kòkú jáde. Búlọ́ọ̀kù ṣubú wọlé, ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e. Inú ihò yẹn ni wọ́n ti fa ìyàwó mi jáde, wọ́n fa èmi náà.

Kòkú pọ̀n ọ́n lọ sí ilé alájà tó wà níkangun ìta. Dada Afi ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ tú ewúrẹ́ òun sílẹ̀. Ògiri ẹ̀yìnkùlé wó lù ú. Ewúrẹ́ náà yè.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni kò bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rògbòdìyàn náà. Ó gbọ́ àyà Fẹ́hìntọlá, ó ní, "Bàbá, ó ń mí dáadáa. Ẹ dúpẹ́." Mo dúpẹ́. Mo ń dúpẹ́, mo ń sunkún, nítorí wọ́n ti tẹ́ Dada Afi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n faṣọ bò ó lójú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìyọnu, ẹ má sọ̀rètí nù. Ẹni tí ẹ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín lè jẹ́ ẹni tí Ọlọ́run yóò rán sí yín. Àrọ̀kúrò tún ti ń ṣú. Ẹ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà. Ẹ gbé ibùsùn sókè. Ẹ má di ọ̀nà àbájáde yín nítorí ẹ̀rù kankan. Bí ẹ bá sì ti jáde nínú omi, ẹ má padà, ìbáà ṣe nítorí ewúrẹ́.

Olúwa, mo dúpẹ́. Fẹ́hìntọlá tún lo ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìgbà náà, ó ti lọ. Kòkú sá lọ sí Gánà, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ti nọ́ọ̀sì yẹn, n kò mọ̀. Nínú àwa tí omi bò lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, èmi nìkan ló kù láàyè, èmi nìkan ló ń sùn lórí ibùsùn náà. Láti àná, ó ti wà lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin.