Bí Èmi Nìkan Ṣe Wa Mọ́tò La Aṣálẹ̀ Já Dé Ọ̀dọ̀ Fúnmi

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n tó sọ ohunkóhun, torí ọpẹ́ ló gbé mi dìde lórí àga láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n má lò ju mínítì márùn-ún lọ. Mo ti gbà, ṣùgbọ́n gbogbo yín náà lẹ mọ̀ mí. Ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nínú ìjọ yìí mọ Fúnmi, àkọ́bí mi, tó máa ń sùn lọ sórí bẹ́ǹṣì nígbà tó wà ní kékeré tí ìwàásù bá ti gùn. Ó ti di tíṣà báyìí o, ní ìlú kékeré kan ní Nevada. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ sójà, wọ́n sì ti gbé ọkọ náà lọ sókè òkun. Nevada tí mò ń wí yìí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ tí iná ń tàn yòò o. Aṣálẹ̀ ni, orí òkè ló sì wà, oòrùn á máa jó èèyàn lórí, yìnyín á sì wà lórí òkè tó ò ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Mo rí i fúnra mi.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ní 1997, oyún kan bàjẹ́ lára Fúnmi. Ó pè mí, ó ń sunkún. Mo gbàdúrà fún un lórí fóònù, mo ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè, pé tí mo bá ti gba ìsinmi màá wá. Mo gba ìsinmi, mo fi kun ilé. Ọmọ náà ò bínú sí mi, ó ń pè mí dáadáa, ṣùgbọ́n kò tún ní kí n wá mọ́. Ẹ̀yin ìyá, ó dùn mí ju pé kó bú mi lọ. Àfi bó ṣe pè lọ́jọ́ kan, oyún mìíràn ti wọ oṣù kẹsàn-án, tó ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ lè wá? Mi ò fẹ́ dá wà níbẹ̀.” Kó tó sọ ọ́ tán ni mo ti ní mò ń bọ̀.

Wàhálà wá dé. Baalu ò dé ìlú tí Fúnmi wà. Èèyàn á wọ baalu dé Salt Lake City, á wá rẹ́ǹtì mọ́tò, á sì wà á fún bí ìdajì ọjọ́ kan. Bàbá Fúnmi ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo ní èmi nìkan ni màá wà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn, ó tún ti bẹ̀rẹ̀! Ó ní, “Ìwọ tó ò ń sá fún Beltway?” Òótọ́ ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń wa mọ́tò ní Prince George's County ní Maryland yìí, mi ò gun Beltway, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá tó yí ìlú ká yẹn, rí. Tí mo bá ń lọ kí àbúrò mi ní Hillcrest Heights láti Hyattsville, ẹ̀yìn ilé àwọn èèyàn ni mo máa ń gbà, mo sì máa ń dúró ní gbogbo stop sign kí n kí i dáadáa. Ṣùgbọ́n Fúnmi ti ní kí n wá. Bàbá Fúnmi ya ọ̀nà náà sórí páálí fún mi, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, bí ẹni tó ń ya á fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Bàbá Wòlíì wa, tí wọ́n jókòó níbí yìí, fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀ lórí gálọ́ọ̀nù omi kan fún mi. Wọ́n ní kí Fúnmi mu nínú ẹ̀ nígbà tó bá ń rọbí, kí a sì fi ìyókù wẹ ọmọ. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i kó tó débẹ̀. Mo gbé omi yẹn lé itan nínú baalu láti ibí dé ọ̀hún. Nígbà tí mo gba mọ́tò, mo gbé e sórí àga iwájú, mo sì de bẹ́líìtì mọ́ ọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Èmi àti omi Wòlíì la jọ ń rìn.

Ẹ wá wo ọ̀nà! Ọ̀nà gbọọrọ, kò sí ẹni tó ń fọn fèrè mọ́ ọ, kò sí ẹni tó ń já wọ iwájú ẹ. Koríko kúkurú kan báyìí tó rí bí eérú ló kún ilẹ̀ lọ títí dé ẹsẹ̀ òkè. Ẹ̀rù tó ń bà mí lọ láàárín wákàtí kan. Mo tẹ mọ́tò dé àádọ́rin máìlì, mò ń kọrin, mò ń fọwọ́ lu stia. Ìlú tí mo kọ́kọ́ kàn, ilé epo kan, ilé oúnjẹ kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó parí. Ìró àti bùbá àǹkárá ni mo wọ̀, pẹ̀lú gèlè mi lórí. Obìnrin tó gbé ẹyin wá fún mi nílé oúnjẹ béèrè ibi tí mo ti wá. Mo ní Maryland. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ará Maryland mà mọ aṣọ wọ̀ o!” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wa báyìí la ṣe ń múra lọ síbi iṣẹ́. Ọlọ́run dárí jì mí.

Ní ìlú kejì, mo fi fóònù ìta pe Fúnmi. Ó ní ìrora ti ń mú òun díẹ̀díẹ̀, pé tíṣà ẹlẹgbẹ́ òun kan ló fẹ́ gbé òun lọ sí ọsibítù, pé onítọ̀hún máa já òun sílẹ̀ ni, yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ní, “Fúnmi, má tíì bí o! Dúró dè mí!” Bí ẹni pé ó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo sáré wọ mọ́tò. Èmi ò rántí ra omi, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ débi pé mo ti mu ìgò omi tèmi méjèèjì tán, ètè mi sì ti ń bó.

Ibi tí mo ti ń gun òkè kan ni abẹ́rẹ́ tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò ṣe gbóná tó hàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èéfín bo iwájú mi. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo sọ̀kalẹ̀, mo wò síwájú, mo wò sẹ́yìn, kò sí ilé, kò sí igi, kò sí èèyàn. Fóònù wà ní ìlú tí mo ti kúrò, ìlú yẹn sì ti jìnnà.

Kí ni ọmọ Ọlọ́run máa ṣe? Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, mo di ojú, mo ní Olúwa, rán èèyàn sí mi. Mo gbà á tagbáratagbára. Ẹ̀yin ará, mo gbọ́ ọ o. Mo gbọ́ mọ́tò tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n àdúrà ti wọ̀ mí lára, mo ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo ti dé “ní orúkọ,” mi ò lè já a láàárín. Vuuuu! Kí n tó ṣe Àmín kí n lajú, ìdí mọ́tò náà ni mò ń wò lókè ọ̀hún. Ẹni tí Ọlọ́run rán nìyẹn! Ó sì ṣeé ṣe kí ó má rí mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Mo tú gèlè, mò ń fì í sókè, mò ń pariwo, ó ti lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń lajú gbàdúrà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò mí ní vigil pé kí ni mò ń wò káàkiri, ẹ ti mọ̀ báyìí.

Ó tó wákàtí kan kí òmíràn tó dé. Mo dúró sórí ẹsẹ̀ mi lọ́tẹ̀ yìí, gèlè lọ́wọ́. Òyìnbó arúgbó kan ni, nínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, tó ń sin màlúù. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ṣí iwájú mọ́tò, ó rí ibi tí rọ́bà tí omi ẹ́ńjìnnì ń gbà ti lu, ó fi téèpù wé e dáadáa. Ó ní omi ló kù. Òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn màlúù òun lómi tán ni, gbogbo ike òun ti gbẹ. Ó ní ṣé mo ní omi? Mo ní rárá.

Èmi tí mò ń darí àdúrà àwọn obìnrin! Mo purọ́ fún bàbá arúgbó lọ́sàn-án gangan. Bàbá náà wo inú mọ́tò, ó rí gálọ́ọ̀nù omi lórí àga, tó de bẹ́líìtì. Ó ṣí fìlà. Ó ní, “Ìyáàfin, kí wá nìyẹn?”

Mo bá ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, omi àdúrà ni, ọmọ mi ń rọbí, wọ́n ní ká má ṣí i. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní òun lè gbé èmi àti omi mi padà sí ìlú tí mo ti ń bọ̀, pé ó di ọ̀la kí wọ́n tó lè wá wọ́ mọ́tò náà. Tàbí kí a da omi sí rédíétọ̀, kí n máa lọ. Ó ní èmi ni kí n sọ èyí tí mo fẹ́.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò purọ́. Tí mo bá da omi yìí sínú irin, tí nǹkan bá tún ṣe Fúnmi, kí ni màá sọ? Mo di gálọ́ọ̀nù yẹn mọ́ra, mo sunkún. Ohun tó wá sọ́kàn mi ni pé nígbà àkọ́kọ́, àdúrà ni mo fi ránṣẹ́ sí i, èmi fúnra mi jókòó sílé. Tí mo bá padà sẹ́yìn, bákan náà ni yóò rí, ọmọ mi á tún dá wà. Mo nu ojú mi, mo já ìdérí omi náà, mo gbé e fún bàbá. Ó dà á tán pátápátá, kò ṣẹ́ ẹ̀kán kan kù. Bó ṣe dà á tán, òun ló ṣe Àmín.

Bàbá Wòlíì, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí. Mọ́tò rẹ́ǹtì ló mu omi yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí bó ṣe mu ún! Mọ́tò yẹn dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bàbá sì tẹ̀ lé mi lẹ́yìn títí mo fi gun òkè náà tán. Abẹ́rẹ́ yẹn ò gòkè mọ́ títí mo fi dé ọsibítù.

Mo sáré wọlé. Fúnmi nìkan ló wà nínú yàrá, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Mi ò tiẹ̀ kí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, mo ní Fúnmi má bínú, omi tí Wòlíì fún ẹ, mọ́tò ti mu ún. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Mọ́mì, omi wo? Ẹ̀yin ni mo ní kẹ́ ẹ wá.”

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ní ta ni yóò dúró ti aláboyún. Fúnmi yìí, tí mo bá sọ Yorùbá sí i láti àárọ̀ títí dalẹ́, òyìnbó ló máa fi dá mi lóhùn. Ọjọ́ yẹn, ó kọjú sí nọ́ọ̀sì òyìnbó, ó ní, “Màmá mi ni. Màmá mi ti dé.” Nọ́ọ̀sì ò gbọ́ ohun tó sọ. Èmi gbọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó bí obìnrin. Ọmọ ké, mo ké jù ú lọ. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, ó sì mọ́ tónítóní. Ìyá wà, ọmọ wà, ara wọn le.

Mo ti rí ọwọ́ tí ẹ ń nà sí mi, mo ti ń parí ẹ̀. Fúnmi pè mí lánàá. Kò sí ohun tó ń ṣe é, ó kàn ní, “Mọ́mì, ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀?” Ẹ̀yin ará, ọmọ mi tún ń pè mí pé kí n wá! Gbogbo ògo ti Olúwa ni. Ẹ dìde, ẹ bá mi jó, mo ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń lọ!