Eré Ta-Ló-Dé Tí Mo Bá Nílé Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Ọkọ mi ti ní kí n yan ọ̀kan: eré tí mò ń ṣe fún ìyá rẹ̀, tàbí ilé òun. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni àwọn àgbà agboolé wa yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ mi lórí. Obìnrin tí àkọ́bí rẹ̀ ti wọ ilé ọkọ ni wọ́n fẹ́ lé jáde nítorí eré! Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ̀rù ń bà mí o. Ẹkún tí mo sun lánàá, ẹkún ìbínú ni. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ irú eré tí mò ń wí.

Kúmásì ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Gáná. Ará Ṣakí ni bàbá àti ìyá mi, ṣùgbọ́n n kò fojú kan Ṣakí rí títí ìjọba Gáná fi ní kí gbogbo àwa àlejò kó ẹrù wa. Ìyà tí a jẹ lójú ọ̀nà, n kò ní sọ ìyẹn lónìí. Kò pẹ́ tí a délé ni Ràímì rí mi, ó ní òun yóò fẹ́ mi. Àgbẹ̀ ni, oko rẹ̀ wà lọ́nà Òfìkì, ó sì dára lọ́mọkùnrin, kí n má purọ́. Bí mo ṣe di ìyàwó nínú agboolé ńlá nìyẹn, èmi tí n kò mọ ẹni tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n ń bá ṣàwàdà. Àlejò lójú, kò fi ríran. Bí mo bá lanu, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ohùn mi ń gun òkè bíi ti ẹni tó ń gun àkàbà. Ìyàwó Gáná ni wọ́n sọ mí. Ìyá mi sì ti kìlọ̀ fún mi pé ìyàwó tí kò bá ní ibi tí wọ́n ti ń bá a ṣeré, iṣẹ́ nìkan ni wọn yóò máa rántí rẹ̀ fún. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá eré kiri ìlú.

Àsálátù ni mo kọ́kọ́ lọ. Oyè kún ibẹ̀, olúkúlùkù ló mọ ipò rẹ̀ àti ibi ìjókòó rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo ṣì ń lọ dòní. Ṣùgbọ́n ìsìn ni, ta ni yóò fi ìsìn ṣeré? Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé àwọn obìnrin tí a jọ ti Gáná dé ń pàdé lẹ́yìn gáréèjì ní ọjọ́ tí kò sí ọjà. Mo sáré débẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á ní Kúmásì la wà, olúkúlùkù á padà di ẹni tó jẹ́ nígbà náà. Eléyìí ń ta aṣọ, tọ̀hún ń ta ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á máa fi èdè Gáná polówó ọjà tí kò sí níwájú wọn. Mo kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀. Àṣé gbogbo wọn ló fẹ́ jẹ́ olówó ńlá! Obìnrin kan tí èmi àti òun jọ ń ru omi tà ní Kúmásì, ó ti di oníṣọ́ọ̀bù rẹpẹtẹ lórí ẹní yẹn. Kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ oníbàárà, wọ́n bá ní kí èmi tí mo kéré jù máa rajà. Mo rajà títí ó fi sú mi. Bí eré bá sì parí, ẹkún ni, nítorí ọjà tí wọ́n fi sílẹ̀ lóòótọ́ á wá sọ sí wọn lọ́kàn. Mo ní eré tí gbogbo ènìyàn ń sunkún padà sílé kì í ṣe tèmi. Ṣé ẹ rí i pé n kò mọ ohun tó ń bọ̀?

Àṣé inú ilé ni ohun tí mò ń wá kiri wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iṣu èlùbọ́ bá ti oko dé, gbogbo ìyàwó ilé á jókòó yí ká àgbàlá lọ́sàn-án, a ó máa bẹ iṣu. Ìyá Rábì, ìyáálé gbogbo wa, ló ń darí eré tí wọ́n ń pè ní Ta-ló-dé. Ọ̀kan nínú wa á dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á ṣán aṣọ bí ọkùnrin tàbí kó we gèlè bíi láwàní, á sì wọlé padà bí ẹlòmíràn. Àwọn yòókù á kígbe pé, "Ta ló dé?" Kò gbọdọ̀ dárúkọ. Ìrìn rẹ̀, ohùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n. Bí a bá ti mọ̀ ọ́n, àwa náà ò ní pè é lórúkọ, ẹ kúkú mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Ńṣe la ó kí i bí a ti ń kí ẹni náà gan-an, a ó gbé àpótí fún un, a ó bá a ro ẹjọ́ rẹ̀, a ó bẹ̀ ẹ́ bí inú bá ń bí i. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni yóò bẹ iṣu àwọn yòókù. Ìyá Rábì a máa ṣe ọkọ ara rẹ̀, tó máa ń ní òun ò jẹun, tí yóò sì fi ìka nu àwo mọ́ tónítóní. Ikùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ nítorí ẹ̀rín tí mo há mọ́nú!

Òfin kan ló wà níbẹ̀: a kì í mú ẹni ẹlẹ́ni. Ẹni tí ìyàwó kan bá ti ń ṣe, tirẹ̀ ni. Ìyàwó tuntun á kọ́kọ́ jókòó wò wọ́n fún odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan, lẹ́yìn náà ni yóò wá mú ẹni tirẹ̀ wá. Nígbà tó fi kàn mí, kò sí ọkùnrin kan nínú agboolé tó ṣẹ́ kù. Kódà òbúkọ ilé ti ní ẹni tó ń ṣe é. Mo rò ó, mo tún un rò, mo wá rántí Sùlé. Sùlé ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Kúmásì. Ó ní ará Ìsẹ́yìn ni òun. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ a máa wọ́lẹ̀ díẹ̀. Ibi yòówù tó bá wọ̀, á ṣí fìlà, á fi fẹ́ atẹ́gùn sí ẹni tó bá níbẹ̀, á wá ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ fi tèmi sílẹ̀?" Ibà ló pa á, kí wọ́n tó lé wa ní Gáná. Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ibẹ̀ ló sin ín. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn títí, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò mọ̀ ọ́n.

Mo yá fìlà ọkọ mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo wọ́ ẹsẹ̀ wọlé, mo ṣí fìlà, mo fi fẹ́ Ìyá Rábì, mo ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ fi tèmi sílẹ̀?" Mo ń retí kí wọ́n kígbe "Ta ló dé?" Kò sí ẹni tó kígbe. Ohùn kan ló dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "A fi tìẹ sílẹ̀. Ó wà lábẹ́ igbá."

Ìyá Àgbà ni, ìyá ọkọ mi, tí kì í bá wa dá sí eré náà rí. Òwú ló máa ń ran níbẹ̀ jẹ́jẹ́. Òwú ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú. "Ìyàwó, ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn?" Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹnì kan tí mo mọ̀ ní Kúmásì ni. Sùlé là ń pè é." Ó ní, "Búsàrí ni. Búsàrí ọmọ mi ni. Níbo ló wà?" Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ẹ bá sọ? Mo lè purọ́, mo lè ní n kò mọ̀. Mo ní, "Ìyá, Ọlọ́run ti gbà á." Ariwo tí àwọn ìyàwó pa, ó kó àwọn ará àdúgbò jọ. Ìyá Àgbà nìkan ni kò pariwo. Ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ."

Mo wá gbọ́ ìtàn tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí. Búsàrí ni àkọ́bí, Ràímì ọkọ mi ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí bàbá wọn ń pín ilẹ̀, ó gbé oko ọ̀nà Òfìkì fún Ràímì, ó ní Búsàrí ò lè fi ẹsẹ̀ yẹn roko. Búsàrí bínú jáde, kò padà mọ́. Orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìlú rẹ̀, ó gbé méjèèjì sọ nù. Wọ́n ṣe àdúà fún un, wọ́n ṣe sàárà. Bí ìyẹn ti parí, Ìyá Rábì pè mí, ó ní, "Ìyàwó Gáná, eré tó ń pe òkú wọlé, àwa ò ṣe é mọ́." Bí wọ́n ṣe tú ká nìyẹn. Kálukú wá ń bẹ iṣu rẹ̀ lójúde yàrá rẹ̀, wọ́n ní àlejò ló ba eré jẹ́. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kí ni mo ṣe? Òfin wọn ni mo tẹ̀ lé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó na fìlà àtijọ́ kan sí mi, ó ní, "Lọ sẹ́yìnkùlé kí o tún wọlé wá." Mo lọ. Mo wọ́ ẹsẹ̀ wọlé, mo fi fìlà fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó béèrè bí mo ṣe ń jẹun ní Kúmásì, mo fi ohùn Búsàrí sọ fún un. Ó bá mi wí pé mo rù. Ó rẹ́rìn-ín! Láti ọjọ́ náà, bí iṣẹ́ bá ti dilẹ̀ lọ́sàn-án, mo máa ń wọlé sí i. Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń dẹ̀wù. Àwọn ọmọ mi dàgbà sínú rẹ̀. Nígbà tí ojú Ìyá Àgbà fọ́ pátápátá, n kò lo fìlà mọ́, ohùn àti ìró ẹsẹ̀ ti tó. Àwọn ará ilé wá ń sọ pé orí rẹ̀ ti dàrú, pé ó ń bá òkú sọ̀rọ̀, pé èmi ni mò ń tì í lẹ́yìn.

Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, àfi bí oṣù yìí ṣe wọlé. Ó tètè ti oko dé, n kò mọ̀ pé ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àgbà ń sọ fún mi, ìyẹn fún Búsàrí, pé, "Má bínú mọ́. Oko rẹ wà níbẹ̀. Àbúrò rẹ ló ń bá ọ ṣọ́ ọ." Mo gbọ́ tí ọkọ́ já bọ́. Nígbà tí mo jáde, Ràímì ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyá Kúdí, ohùn ẹ̀gbọ́n mi ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ mọ́ nínú ilé mi. Bó bá tún jáde, ẹrù rẹ ni kí o dì." Ẹ̀yin èèyàn, n kò kórìíra ọkọ mi. Mo mọ ibi tó ti ń dùn ún. Gbogbo iṣu tó ti fi bọ́ wa, orí ilẹ̀ yẹn ló ti wá. Àmọ́ ṣé èmi ló pín ilẹ̀ ni?

Mo lọ bá Ìyá Àgbà ní àná. Ohùn ara mi ni mo fi kí i, mo ní, "Ìyá, n kò ní lè wọlé mọ́, wọ́n ní eré yìí ti ba orí yín jẹ́." Ó ní, "Ìyàwó Ràímì, ojú mi ló fọ́, orí mi ò fọ́. Ṣé o rò pé ìwọ nìkan lò ń ṣeré látọjọ́ yìí? Ìwọ ń ṣe Búsàrí, èmi ń ṣe ìyá tí ọmọ rẹ̀ délé. Òru ni mo fi ń ṣe ìyá òkú." Mo ní kí ó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n lè fi wá sílẹ̀. Ó mi orí. Ó ní, "Bí wọ́n bá mọ̀ pé mo mọ̀, gbogbo wọn á máa wò mí bí mo ṣe ń ṣe é. Dákẹ́ fún mi."

Ẹ̀yin ìyàwó tuntun tí ẹ jẹ́ àlejò nílé ọkọ, tí ẹ ń wá ibi tí ẹ ó ti ṣeré, ẹ má tẹ̀ lé ibi tí ẹ̀rín ti pọ̀ jù. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gba ẹni tó wọlé. Èmi rí eré tèmi, mo rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ, n kò sì kábàámọ̀ ọjọ́ kan níbẹ̀. Bí mo bá sọ àṣírí ìyá, ilé mi dúró. Bí mo bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí n di ẹrù mi jáde. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ohun tí màá sọ níwájú àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ má dá ara yín láàmú láti ní kí n má wọlé, nítorí ọ̀sán ti pọ́n báyìí, ìyá ń retí ọmọ rẹ̀.