Fóònù Ló Pàdé, Èmi Ni Wọ́n Tì Mọ́lé

Rárá o, nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, má tíì nawọ́ sí fóònù mi. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o wí. O ní ọmọ tí àbígbẹ̀yìn mi bí láàárọ̀ yìí wà nínú ilé yẹn lọ́hùn-ún, o ní obìnrin ni, o ní ìyá ń jẹun, ọmọ ń sùn, mo gbọ́, inú mi dùn, Ọlọ́run tó dá mi rí i pé inú mi dùn débi pé bàtà tí mo wọ̀ yìí, wò ó, ọ̀tún ò bá òsì mu! Ṣùgbọ́n o tún ní kí n tó wọlé lọ wò ó, àfi kí o fi áàpù tó ń ṣọ́ni yẹn sínú fóònù mi, torí pé àrùn ti tún padà dé. Áàpù yẹn kan náà! Lẹ́nu géètì yìí kan náà! Háà! Ayé mi ò!

O ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbí ni, ó hàn lójú ẹ. Ká ní o wà níbí nígbà tí àrùn kọ́kọ́ jà ni, o ò bá ti rí mi tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí o dúró sí yẹn, tí mo ń bẹ ẹ̀ṣọ́ géètì bí ẹni ń bẹ ọba.

Ṣé o rò pé alágídí ni mí ni? Èmi? Èmi ni mo kọ́kọ́ gbà á ládùúgbò wa! Gbogbo èèyàn ń sá fún un. Onílé wa ní òun ò fẹ́ kí ìjọba mọ ibi tí òun ń sùn, ká sòótọ́, ó níbi tó ń sùn tí ìyàwó ẹ̀ náà ò gbọdọ̀ mọ̀! Obìnrin tó ń ta oògùn níkòríta ní ńṣe ló ń mu iná fóònù bí ẹní mumi. Bàbá ilé mi ńkọ́? Ọkọ̀ ẹrù ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, Dẹ́rẹ́bà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ní, "Ìyàwó Tuntun," bó ṣe ń pè mí nìyẹn o, pẹ̀lú gbogbo ewú orí yìí, ó ní, "Ìyàwó Tuntun, gbogbo ọjọ́ ayé mi lórí títì ni ọlọ́pàá fi ń bi mí pé níbo lò ń lọ, ṣé inú àpò ṣòkòtò mi náà ni kí n wá gbé ọlọ́pàá sí?" Mo rẹ́rìn-ín títí omijé bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n mo gbà á. Kí nìdí? Torí tiẹ̀ ni! Àyà Dẹ́rẹ́bà ò lágbára, tó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀ báyìí, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ní tí mo bá lọ fara kan alárùn níta, kí fóònù yáa tètè pariwo, kí n má lọ fọwọ́ ara mi gbé ikú wọlé fún ọkọ mi. Ìfẹ́ ni mo fi gbà á, nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ẹ̀rù ìjọba, kì í ṣe ọ̀làjú. Ìfẹ́ ni.

Jẹ́ kí n sọ ibi tó ti wọ́. Ilé ìránṣọ ni mo ń ṣiṣẹ́, ìbòmú là ń rán nígbà náà lọ́hùn-ún, èmi ni mo ń gán okùn etí mọ́ ọn, nídìí fèrèsé níyàrá ẹ̀yìn. Màdámù wa ní òfin kan: kí o tó wọlé, fóònù rẹ, inú bàsíà. Bàsíà ńlá kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni gbogbo wa ń kó o sí, torí ọmọbìnrin kan ń bá àfẹ́sọ́nà ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé, àfi bó ṣe rán ìka ara ẹ̀ mọ́ aṣọ oníbàárà! Láti ọjọ́ yẹn ni bàsíà ti dé. Ó sì mọ́ wa lára débi pé nígbà tí àrùn bẹ̀rẹ̀, tí Màdámù fi wá jìnnà síra wa, télọ̀ kan níbí, ìkejì lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó rántí bàsíà. Àwa èèyàn jìnnà síra, fóònù wa gorí ara wọn bí ẹja inú agbọ̀n.

Ọkùnrin tó ń bá wa lọ aṣọ, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ti ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Kí n tó dé, á ti ju fóònù sí bàsíà, á ti gba àtẹ̀gùn ìta gòkè lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo fi ọmú tí mo fi tọ́mọ búra, mi ò fojú kan òjìji ẹ̀! Òun ni àrùn mú. Ni fóònù tiẹ̀ bá lọ sọ fún fóònù tèmi pé àwọn jọ wà pa pọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ni tèmi bá pọ́n wẹ̀ẹ̀, àmì pé mo ti fara kan alárùn nìyẹn.

Ọjọ́ yẹn gan-an, ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu, ni àyà Dẹ́rẹ́bà dáṣẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe àrùn yẹn o, àyà tó ti ń bá a fà á látijọ́ ni. Èmi àti ọmọkùnrin mi la gbé e wá síbí. Ẹ̀ṣọ́ ní fóònù dà, mi ò tiẹ̀ gbọ́ nígbà tó pariwo, mi ò wò ó, mo fi ìgbéraga nà án sí i, èmi onígbọràn, mo rò pé ìgbọràn mi ló máa ṣí géètì. Pupa! Wọ́n fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, kí n tilẹ̀kùn mọ́ra. Ọmọkùnrin mi wá ńkọ́, tí kò gba áàpù kankan, tí kò síbi ayò tí kò sí, tí kò síbi ọtí tí wọn ò mọ̀ ọ́n, fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì ló mú dání. Nígbà yẹn, ẹni tí kò bá ní áàpù, wọn kì í bi í ní nǹkan kan. Wọ́n ní kó máa wọlé!

Mo ní ẹ gbà mí, iyàrá ẹ̀yìn ni mo jókòó sí! Mo ní bàsíà ni! Wọ́n ní, "Mà, fóònù kì í parọ́." Ṣé mo ní ó parọ́ ni? Fóònù ló pàdé fóònù! Ta ló bi mí bóyá èmi náà pàdé ẹnì kankan? Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu fóònù, wọn ò gbọ́ lẹ́nu mi, èmi tí mo ní ẹnu tó tó báyìí!

Bí wọ́n ṣe tì mí mọ́lé nìyẹn, wọ́n ní kí n máa dúró de èsì àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún mi. Ọmọ mi sọ fún mi pé gbogbo ìgbà tí bàbá ẹ̀ bá ti lajú, "Ìyàwó Tuntun dà?" ló ń sọ. Wọ́n ṣàlàyé fún un títí. Áàpù kọ́, pupa kọ́, èèyàn tí ń wá èémí tí yóò mí, kí ló kàn án níbẹ̀? Ọmọ gbé fóònù sí i létí, mo ń pariwo pé Dẹ́rẹ́bà, èmi rè é o, èmi rè é, ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún un ní afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kó gbọ́ mi. Ó wá ní... ó ní... jẹ́ kí n nu ojú mi ná.

Ó ní, "Ṣé ẹ̀rù mi ń bà á ni?"

Nọ́ọ̀sì! Ẹ̀rù rẹ̀ ha lè ba èmi? Ọkùnrin tí mo ń gbé lé àyà mi kó tó lè rí oorun sùn? Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bá mi gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ojú fèrèsé ni mo ti wo ọkọ̀ tó gbé òkú ẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó pè mí láti ọsibítù, ohùn ọmọbìnrin tó pè tiẹ̀ ń dùn, "Mà, àyẹ̀wò yín ti jáde o, ẹ ò ní nǹkan kan." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Mi ò ní nǹkan kan mọ́.

Má wolẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, ìwọ kọ́ ni mò ń bá jà. Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ, o fẹ́ sọ pé áàpù yìí ti gba àwọn kan là. Òótọ́ ni! Aládùúgbò mi kan, áàpù tiẹ̀ kìlọ̀ fún un, kò lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ tó ti dàgbà, àrùn sì wà lára ẹ̀ lóòótọ́, ìyá yẹn ń bẹ láyé dòní, ó ń bá àwọn ọmọ ẹ̀ jà. Mi ò ní pe ohun tó dáa ní burúkú. Ṣùgbọ́n tí o bá rí ẹni tó ń kọ̀ ọ́, má pè é ní púrúǹtù. Ó lè má jẹ́ áàpù ló ń sá fún. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin tí ẹ dúró tì í, tí ẹ kì í béèrè ọ̀rọ̀.

Háà, dákẹ́! Ṣé o gbọ́? Ọmọ ta ló ń ké yẹn? Òun ni? Yéè! Irú ohùn wo nìyẹn, bíi fèrè ọkọ̀ ẹrù! Bàbá ẹ̀ àgbà ló dé yẹn, ẹ wò mí, ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún ń pa mí. Mò ń bọ̀ o, olówó orí mi, mò ń bọ̀, ẹ̀rù ẹ ò bà mí!

Ó dáa. Gbà, fi í sí i. Torí ọmọ tuntun yẹn ni mo fi gbà, bí mo ṣe gbà torí bàbá ẹ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, ìwọ ọmọ yìí, wo ojú mi: lọ́jọ́ tó bá tún pọ́n, o ò gbọdọ̀ fò sẹ́yìn. Ibi tó o wà ni kó o dúró sí, bo imú rẹ, kó o sì bi mí pé, "Ìyá àgbà, níbo lẹ jókòó sí, ta lẹ bá jókòó?" Mo máa sọ òótọ́. Tó bá jẹ́ pé mo fara kan alárùn, èmi fúnra mi ni mo máa yí padà sílé. Ṣùgbọ́n èmi ni kó o bi. Ṣèlérí fún mi. Má mi orí, fẹnu sọ ọ́.

Ẹ̀hẹ́n. Ó yá, ṣí géètì.