Àlùmọ́gàjí Ọrùn Màámi

O ti wá gbé fóònù báyìí! Ojú ti là! Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá tí kì í gbé ìpè ẹ̀gbọ́n rẹ̀! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pè ẹ́ láti inú pápákọ̀ òfurufú yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta gbáko, èmi tí mo dúró lẹ́sẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ tó tutù, bàtà mi nínú abọ́ ike, yẹtí mi nínú abọ́ ike, ojú mi náà ì bá wà nínú abọ́ ike ká ní ó ṣeé yọ, torí ìtìjú! Níbo lo wà? O ń wakọ̀. Ẹ̀n-ẹ́n. O já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni já àpò ìrẹsì sílẹ̀, o ò tiẹ̀ dúró kí n wọlé tán.

Má kí mi. Má bi mí bóyá mo gúnlẹ̀ dáadáa. Mo gúnlẹ̀. Àpò mi náà gúnlẹ̀. Mo ti dé ilé ọmọ mi, inú ilé ìdáná rẹ̀ ni mo wà yìí, òun àti oyún rẹ̀ ń sùn nínú yàrá. Àlùmọ́gàjí Màámi ni kò gúnlẹ̀. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ara ènìyàn wò kó tó wọ bàálù, àwọn ló gbà á, wọ́n jù ú sínú àpótí kan báyìí, òun àti ìgò ìpara àwọn ẹlòmíràn.

Èwo? O tún ń bi mí pé èwo? Kékeré ni, èyí tó wà lọ́rùn mi! Ńlá wà lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ fúnra ẹ lo sọ pé wọn kì í gbé irin wọ bàálù, mo gbọ́ràn sí ẹ lẹ́nu, mo fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ohun tó wà lọ́rùn ara rẹ̀? Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni okùn yẹn ti wà lọ́rùn mi lábẹ́ ẹ̀wù, tí kì í kúrò níbẹ̀ àfi tí mo bá ń wẹ̀. Ìwọ tó o ń lo awò, tó o bá ń di ẹrù, ṣé o máa ń ka awò ojú ẹ mọ́ ẹrù ni?

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo ní kí n gba inú férémù wọn tó ń wá irin lára ènìyàn kọjá, ó figbe ta. Ọmọbìnrin kan níbẹ̀ ní, “Màmá, ẹ bọ́ yẹtí.” Mo bọ́ yẹtí. Ó tún ké. “Màmá, ẹ bọ́ aago.” Mo bọ́ aago. Ó tún ké! Ó wá mú igi kan tó ń dún, ó ń fi í rìn lára mi, bó ṣe dé ọrùn ẹ̀wù mi ni igi náà figbe bọnu. Háà! Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló wà lábẹ́ kọ́là mi! Télọ̀ wo ni kò ní abẹ́rẹ́ lábẹ́ kọ́là? Wọ́n yọ ọ́. Igi dé ọwọ́ mi, ó ké, òrùka irin tí mo fi ń ti abẹ́rẹ́ ló wà ní ìka mi láti àárọ̀. Igi dé ìsàlẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì mi, ó ké, píìnì mẹ́jọ ni mo fi gbé etí rẹ̀ sókè lánàá, mo ní n óò rán an tó bá yá, ó yá, mi ò rán an. O ṣáà mọ̀ pé télọ̀ kì í rí àyè rán tiẹ̀. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà ní ṣé ṣọ́ọ̀bù mi ni mo wọ̀ wá ni. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín! Mo ní ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣòkòtò tó wà nídìí ẹ, ṣé ìwọ lo fi eyín rán an?

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n fa okùn ọrùn mi jáde. Gbogbo wọn fò sẹ́yìn. O ì bá rò pé ìbọn ni wọ́n bá lọ́rùn mi.

Ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá dé, ó fẹ̀ láyà, ó ga, ohùn rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn géètì. Alágbára-má-mèrò ni mo sọ ọ́, mi ò sì ní orúkọ míì tí n óò fi pè é. Wò ó, àkọlé kan wà lára ògiri níbẹ̀, gàdàgbà gadagba, mo kà á, mo mọ̀wé kà! Wọ́n kọ ọ́ pé àlùmọ́gàjí tí ẹnu rẹ̀ kò bá ti ju íǹṣì méjì ààbọ̀ lọ, láti ìdí ìṣó tí ẹnu méjèèjì ti pàdé, kí ẹni tó ni ín máa gbé e lọ. Ẹnu àlùmọ́gàjí Màámi kò ju íǹṣì méjì lọ. Mo sọ fún un. Ó ní òun máa wọ̀n ọ́n. Mo ní kó wọ̀n ọ́n. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé wọn ò ní rúlà? Gbogbo iná yẹn, gbogbo ẹ̀rọ tó ń rí inú àpò, wọn ò ní rúlà kan ṣoṣo! Èmi, èmi tí wọ́n mú, èmi ni mo yọ téèpù mi fún wọn.

Ó gba téèpù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ihò tí a ń ki ìka bọ̀! Láti ìdí! Ó wọ̀n ọ́n látìdí dé ṣóńṣó, ó ní íǹṣì mẹ́rin ààbọ̀. Ṣíọ̀! Mo ní, “Ọmọ mi, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ní kó o wọ̀n. Tí wọ́n bá ní kó o wọn apá ènìyàn, ṣé láti àtẹ́lẹsẹ̀ lo ti máa bẹ̀rẹ̀?” Ó ní, “Màmá, iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe.” Iṣẹ́! Èmi tí mo ti ń wọn ènìyàn kí wọ́n tó bí i, òun ló ń kọ́ mi ní téèpù. Mo ní kí ló rò pé mo fẹ́ fi ṣe nínú bàálù. Òwú ni wọ́n fi rán bàálù ọ̀hún ni, tí n óò fi tú u?

Ó ní kí n dá a padà sínú àpò ńlá. Àpò ńlá ti lọ! Ó ní kí n fún ẹni tó sìn mí wá. Ó yá, kí ló dé tó o rò pé mò ń pè ẹ́ nígbà yẹn? Ṣé ìkíni ni mo fẹ́ kí ẹ? Ká ní o yà padà ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ọwọ́ ẹ ni àlùmọ́gàjí yẹn ì bá wà báyìí. Wọ́n ń pariwo lórí ẹ̀rọ pé kí àwa èrò máa wọ bàálù. Mo bu ọwọ́ lu ìwé wọn. Kí ni n ó ṣe?

Dúró, dúró, mi ò tíì dé ibi tó dùn mí jù.

Bí mo ṣe ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ọ̀gá wọn sáré yọ láti inú ọ́fíìsì. Òun náà ló bu ọwọ́ lù ú pé kí wọ́n gba nǹkan mi. Ó fi ọwọ́ di àyà mú. Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ ṣàánú rẹ̀, mo rò pé àyà ló ń dùn ún. Àṣé bọ́tìnì ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ ló já! Bọ́tìnì kejì láti òkè, ọ̀gangan ọkàn rẹ̀ gan-an, ẹ̀wù yẹn sì há mọ́ ọn lára, ẹni tó rán an àti Alágbára-má-mèrò, ilé ìwé kan náà ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan. Ọ̀gá tó ga jù ú lọ ló ń bọ̀ wá bẹ̀ wọ́n wò, ọkọ̀ rẹ̀ ti wọ géètì, ìdí ọkùnrin náà kò balẹ̀ mọ́. Ni Alágbára-má-mèrò bá nàka sí mi. Ó ní, “Ọ̀gá, màmá yìí, télọ̀ ni wọ́n.”

Mo ti di télọ̀! Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀daràn ni mí!

Wọ́n ṣí àpótí wọn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣí i. Wọ́n mú abẹ́rẹ́ mi àti òrùka irin jáde, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Òwú dúdú wà nínú àpò ọwọ́ mi, ìyẹn nìkan ni wọn ò pè ní ohun ìjà. Ọ̀gá na àyà sí mi. Àbúrò mi, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní ó léwu fún gbogbo èrò inú bàálù, òun ni mò ń tì bọ ẹ̀wù lórí ọkàn ọkùnrin yẹn, aṣọ kan ṣoṣo ló wà láàárín abẹ́rẹ́ àti ẹran ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ẹ̀rù bà. Mo ní, “Ọ̀gá, tí mo bá rán an tán, ṣé ẹ ó fún mi ní irinṣẹ́ mi?” Ó ní, “Màmá, ẹ kọ́kọ́ rán an ná.” Ẹ kọ́kọ́ rán an ná! Abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú aṣọ nígbà tó yíjú sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó rọra sọ fún un pé tí mo bá ti ṣe tán, kó rí i pé gbogbo rẹ̀ padà sínú àpótí. Ó rò pé mi ò gbọ́. Èmi tí orí mi wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀! Mo gbọ́. Mò ń rán an lọ.

Ó kan gígé òwú, mo ní kí n fi eyín gé e, ó ní rárá o, kí n má fi itọ́ ba ẹ̀wù òun jẹ́. Ó na àlùmọ́gàjí Màámi sí mi, ó ní kí n fi gé e. Mo gé e. Ó wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé, ó ní, “Màmá, ẹ mọṣẹ́ o.” Ni Alágbára-má-mèrò bá tẹ́wọ́. Ó gba abẹ́rẹ́. Ó gba òrùka irin. Ó gba àlùmọ́gàjí lẹ́ẹ̀kejì! Olè pàápàá, ẹ̀ẹ̀kan ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn!

Mo ti rẹ ohùn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ ń sùn.

Kí lo wí? Kí n ra òmíràn? Tún un wí. Tún un wí kí n gbọ́, ìwọ ọmọ Màámi! Ṣé o ti gbàgbé òwú pupa tí Màámi wé mọ́ ihò rẹ̀ kan, torí pé irin náà ń jẹ wọ́n lọ́wọ́? Ta ló ń gbé irin rẹ̀ tó tutù lé ẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà tí eyín ń dùn ẹ́? Èékánná ẹ, kí ni wọ́n fi ń gé e, tí wàá máa ké bí ẹni tí wọ́n ń gé lọ́rùn? Gbogbo aṣọ ilé ìwé tó o wọ̀ di ọjọ́ tó o di ẹni tó ń so táì, àlùmọ́gàjí yẹn ló gé òwú ìdí wọn. Nígbà tí Màámi dùbúlẹ̀ àìsàn ìkẹyìn wọn, tí ohùn ti lọ, ṣé o wà níbẹ̀? Èmi ni mo wà níbẹ̀. Wọ́n bọ́ okùn yẹn lọ́rùn ara wọn, wọ́n fi kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi láyà. Kò sí ogún míì. Ó dùn mí, àbúrò mi. Láti àárọ̀ ni ọwọ́ mi ti ń lọ sí ọrùn, kò sì bá nǹkan kan níbẹ̀. Má sọ fún mi mọ́ pé kí n ra òmíràn.

Ẹ̀n-ẹ́n. O ti ń bẹ̀ mí báyìí. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ó yá, gbọ́. Mo ti ya ìwé tí wọ́n fún mi ní fọ́tò, ó ti wà lórí fóònù ẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ lọ yọ́. Ọ̀la ni wàá lọ. Iṣẹ́ wo? Sọ fún ọ̀gá ẹ pé ìyá ẹ ń pè ẹ́, kì í ṣe irọ́. Kó o mú rúlà dání o, torí wọn ò ní! Kó o fi àkọlé ara ògiri yẹn hàn wọ́n, kó o gbé rúlà lé ibi tí ẹnu méjèèjì ti pàdé, kó o wọ̀n ọ́n níṣojú wọn. Tí o ò bá sì fẹ́ lọ, kò burú. Gbogbo ẹ̀wù àti ṣòkòtò tí mo rán fún ẹ láti ọjọ́ tó o ti dáyé, bọ́ wọn sílẹ̀, kó o kó wọn fún mi, ká wá wo ohun tó o máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ọ̀hún.

O máa lọ? Mo ti gbọ́. Ọlọ́run á gbè ẹ́.

Má bá Alágbára-má-mèrò sọ nǹkan kan, ọ̀gá wọn ni kó o bèèrè. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Bó o ṣe máa dá a mọ̀? Gbogbo wọn wọ aṣọ kan náà, òótọ́ ni. Wò ó, àyà ni kó o máa wò. Èyí tí kò bá ní bọ́tìnì kejì, òun náà ni. Kí ló dé? Ṣebí mo sọ fún ẹ pé mo gbọ́ nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú aṣọ? Mi ò ta kókó sí i! Mo fà á kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo gé òwú, mi ò ta kókó! Ó ń wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì! Ó ní mo mọṣẹ́! Há, yéè, inú mi! Tí ọ̀gá rẹ̀ bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ báyìí, tó sì mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré...

Ó tó, ó tó, ẹ̀rín mi ti jí ọmọ yìí. Àárọ̀ ọ̀la o. Lọ gba àlùmọ́gàjí ìyá ẹ wá.