Kókó Tí Ọwọ́ Mi Bà Lára Anti Sìdí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi sùúrù ka èyí. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi rí, mi ò sì sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Mo rò pé mo lè gbé e dé sàréè. Àmọ́ obìnrin tí mo ṣẹ̀ tún wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti ìgbà náà ni mi ò ti lè dá a gbé mọ́.

Aránṣọ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìjàgun. Iṣẹ́ tó gbé orúkọ mi jáde ni gáùn ayé àtijọ́. Àwọn kan wà nílùú wa tí wọ́n máa ń pé jọ lọ́dọọdún, tí kálukú á múra bí àwọn ìyá àti bàbá wa ṣe ń múra kí wọ́n tó bí wa. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ òde òní débẹ̀. Gáùn tó fún mọ́ àyà, tó há ní ìbàdí, tó wá fẹ̀ nísàlẹ̀ bí agboòrùn, èmi ni wọ́n máa ń gbé e wá bá. Mo mọ̀ ọ́n rán, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n rán. Ìgbéraga yẹn wà lára ohun tó kó bá mi.

Anti Sìdí ń ta aṣọ lọ́jà. Ó jù mí lọ dáadáa, kì í sì í ṣe oníbàárà lásán. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán, tí mo ṣe fúrídọ̀mù, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mí, òun ló ń darí àwọn tó bá ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ sí mi. Á ní, "Ẹ lọ bá àbúrò mi, kì í ba aṣọ jẹ́."

Lọ́dún tó kọjá, ó mú fọ́tò ìyá rẹ̀ wá, èyí tí wọ́n yà nígbà tí màmá náà wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin. Gáùn funfun tó ní kọ́là lọ́rùn ló wọ̀ nínú fọ́tò náà. Anti Sìdí ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òun fẹ́. Wọ́n ti mú un pé òun ni yóò ṣáájú àwọn obìnrin wọlé lọ́jọ́ àpèjọ.

Gáùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aṣọ tí èèyàn ń dán wò lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá jókòó sí àyà dáadáa, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Nígbà tí Anti wá dán an wò, apá òsì ń fà. Mo rò pé èmi ni mo ṣì í gé. Mo tú ojú rírán, mo fi pínnì mú un, ó tún fà. Mo wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ kí n lè tẹ́ aṣọ náà. Ibẹ̀ ni ìka mi ti bà á. Kókó kan ni, ó le bí èkùrọ́, kò sì yẹ̀ nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wá àwáwí pé bóyá mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Àbúrò ìyá mi ní Ìbẹ̀fun, irú kókó yẹn ló pa á, èmi ni mo sì ń wẹ̀ fún un títí ó fi lọ.

Anti Sìdí rí i pé mo dúró. Ó ní, "Kí ló dé?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan, Anti. Ẹ ti sanra díẹ̀ ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Sààrì ló fà á! Àwọn èèyàn ń gbààwẹ̀ wọ́n ń rù, èmi ń gbààwẹ̀ mo ń sanra."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run rí mi, mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ bó ṣe rí, kò dùn ún gbọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ilé ìwòsàn ló máa gbà lọ láti ṣọ́ọ̀bù mi. Kò ní rántí gáùn kankan mọ́. Ẹlòmíì ló máa ṣáájú wọlé, pẹ̀lú aṣọ tí aránṣọ mìíràn rán. Mo fẹ́ kí ayé rí iṣẹ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé kí àpèjọ kọjá ná, màá sọ. Mo wá gé fóòmù, mo rán an sínú apá ọ̀tún gáùn náà kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè dọ́gba. Ó sì dọ́gba.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ náà títí. Wọ́n pè mí jáde, wọ́n ní kí n dúró tì í ká jọ ya fọ́tò. Iṣẹ́ rọ́ dé, láti Odògbólú, kódà láti Èkó. Àpèjọ kọjá, mi ò sọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Á bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mò ń sọ pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí mo bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, mo máa ń yà sí ọ̀nà míì.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ rí i níbi tó ti ń wẹ̀. Ó ti tóbi nígbà yẹn. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé ọmú òsì náà kúrò. Dókítà ní ká ní ó tètè wá ni, ọ̀rọ̀ ì bá má le tó bẹ́ẹ̀.

Mo lọ kí i nílé. Alhaji ọkọ rẹ̀ ń sọ níwájú àwọn àlejò pé, "Ara tirẹ̀, kò mọ̀! Ọjà nìkan ló mọ̀." Anti Sìdí kò jiyàn. Ó ní, "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi." Mo gbé ọsàn tí mo rà kalẹ̀, mo sá jáde. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni mo da tèmi, Anti Sìdí ló tọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti gbẹ. Ó ní àpèjọ tún ti ń sún mọ́lé, kí n bá òun rán gáùn mìíràn tí ọrùn rẹ̀ ga. Ó ní kí àwọn ọmọṣẹ́ mi jáde. Ó ní, "Ìwọ nìkan ni mo lè bọ́ra fún. Alhaji gan-an, màá ti pa iná kí wọ́n tó wọ yàrá."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Mo dé abẹ́ apá ọ̀tún. Kókó kékeré kan wà níbẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ. Mo ní, "Anti, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan ibí. Ẹ padà sí ilé ìwòsàn lónìí, ẹ má dúró dọ̀la."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó jókòó sórí àga máṣìnnì mi, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń sunkún, ó sì ń ṣàdúrà fún mi. Ó ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n fi ojú sunkún ọmọ. Ó wá ní, "Àbúrò mi, ká ní ọwọ́ ẹ yìí ti bà á lọ́dún tó kọjá ni, bóyá ǹ bá má dé ibi tí mo dé yìí."

Mo ní, "Àmín."

Wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Ó ránṣẹ́ pé kí n ṣáà máa rán gáùn náà lọ, òun ń bọ̀ wá dán an wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ sì bá mi tọrọ ìdáríjì. Bí mo bá jẹ́wọ́, á mọ̀ pé kì í ṣe òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí ẹnì kan bọ́ra fún mọ́. Bí mo bá dákẹ́, á máa fi mí yangàn, á sì máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi títí tó fi máa kú. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa fẹ́ gbọ́ ọ?